Mo gé fídíò náà: ọ̀rọ̀ ìbọn Bàbá Ọdẹ

1/
Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ rántí fídíò tí mo gbé síbí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn? Èyí tí bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àga onírọ́bà níwájú ilé ní Ìjọra, tí wọ́n ń sọ bí ọ̀rọ̀ ìbọn ṣe rí láyé ìgbà tiwọn. Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Kò sí fídíò mi kankan tó rìn jìnnà tó yẹn rí. Mo wá tọrọ àforíjì lórí ẹ̀ ni.

2/
Fún ẹni tí ò rí i: Bàbá ní nígbà táwọn kúrò ní Ṣakí dé Èkó lọ́dún 1974, iṣẹ́ ọdẹ àdúgbò làwọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ìbọn ṣakabùlà léjìká, fèrè lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n ní táwọn bá ti yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láago méjì òru, gbogbo olè tó wà láti 7Up títí dé Bàdíà á sá padà sílé ìyá wọn. Wọ́n ní ìbọn pọ̀ nígbà yẹn, ìfọ̀kànbalẹ̀ náà sì pọ̀. Wọ́n wá wo kámẹ́rà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọwọ́ òfo lẹ fi ń sùn."

3/
Ọmọ, ibẹ̀ ni gbogbo yín ti dìde. "Ẹ dá ìbọn padà fún wa." "Láyé àwọn bàbá wa, ta ló jẹ́ wọ ilé onílé?" Ẹnìkan kọ ọ́ pé ká ní ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má rí bó ṣe rí. Ẹlòmíì rán wa létí àbádòfin tí Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko gbé wá lọ́dún 2024, pé kí ará ìlú tó bá yege lè ní ìbọn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rù ló ń ba èèyàn, ẹ̀rù tó sì ń bà yín ń ba èmi náà.

4/
Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé: ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fídíò yẹn gùn. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lẹ rí. Èmi ni mo gé e. Mo mọ ibi tó dùn, mo mọ ibi tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ibẹ̀ ni mo mú. Ibi tí ohùn Bàbá ti yí padà, mo pa á rẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ó ti gùn jù, pé ẹnikẹ́ni ò ní wò ó débẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ibẹ̀ ò bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu ni.

5/
Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ eléyìí lónìí: àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri fáwọn oníbàárà. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n yìnbọn ládùúgbò wa lálẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ń bára wọn jà, òun sì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tó wákàtí kan. Látìgbà yẹn, kì í sùn dáadáa mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi fídíò mi, èmi gan-an, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i? Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́. Ẹnìkan lè bá mi wá kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lówó."

6/
Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Fídíò tí mo fi ń wá ẹ̀rín àti ìfẹ́ yín, òun ni àbúrò mi fẹ́ fi ra ìbọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ n sọ gbogbo ẹ̀, látòkè délẹ̀. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni Bàbá pa. Wọn ò parọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ ń ṣàárò ẹ̀ yẹn wà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

7/
Àkọ́kọ́, ìbọn náà fúnra ẹ̀. Nínú fídíò, ọ̀pá ìtilẹ̀ Bàbá ni wọ́n fi ṣàpèjúwe fún mi. Wọ́n ní ẹ máa kọ́kọ́ da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn. Ẹ máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kì í mọ́lẹ̀. Ẹ máa fi àkísà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọta, ẹ tún máa kì í. Tẹ́ ẹ bá yìn ín tán, ó parí nìyẹn, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Tí òjò bá pa ẹ̀tù, igi lásán lẹ gbé dání. Bàbá ní, "Kí n tó kì í tán, ẹni tí mo ń bínú sí á ti délé, èmi náà á sì ti máa rò ó pé kí ló tiẹ̀ ń bí mi nínú gan-an." Ẹ fi ìyẹn wé èyí táwọn ọmọ ń gbé sínú ṣòkòtò kiri báyìí.

8/
Ìkejì, ẹni tó gbé e. Kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà fẹ́. Bàbá Bàbá mi náà ọdẹ ni. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e wọ igbó kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn fúnra wọn. Ẹgbẹ́ ọdẹ wà, olórí ọdẹ wà, èèwọ̀ wà. Ògún ni wọ́n fi ń búra, kò sì sí ọdẹ tó máa fi Ògún búra èké kó tún fọkàn balẹ̀ sùn. Tí ọdẹ kan bá hùwà tí ò dáa, wọ́n mọ ilé ẹ̀, wọ́n mọ bàbá ẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó rọ ìbọn náà fún un. Ìbọn yẹn ní àdírẹ́ẹ̀sì.

9/
Ayọ̀ àti ọ̀fọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé fún un, wọ́n á yìnbọn sókè. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn lọ́sàn-án nígbà yẹn, ẹ máa béèrè pé òkú ta ni wọ́n ń sin, àbí oyè ta ni wọ́n ń jẹ. Lónìí, tí nǹkan bá dún gbà ní Ìjọra lóṣù Kejìlá, gbogbo wa á kọ́kọ́ dákẹ́ ná, a ó máa fi etí wá a bóyá bángà ni tàbí òun gan-an. Ìyá mi á ní, "Ẹ wọlé ná, ẹ wọlé ná." Èmi náà ń ṣàárò ìgbà tí ìró ìbọn lè túmọ̀ sí pé ẹnìkan gbé ìgbé ayé rere.

10/
Ìbọn ṣakabùlà yìí náà ló jẹ́ kí ìjọba gbọ́ ohùn àgbẹ̀ rí. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní owó orí ti pọ̀ jù, pé àwọn ò san án mọ́. Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn. Tafa Adéoyè láti Akànrán wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Wọ́n fi ìbọn ọdẹ kojú ọlọ́pàá àti ṣọ́jà, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn lọ́dún 1969, ìjọba sì padà dín owó orí náà kù. Bàbá jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ojú wọn máa ń tàn. Mo mọ ìdí.

11/
Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká dé orí òfin, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti ní "òfin ayé àtijọ́ rọ̀, tìsinsìnyí ló le." Mo lọ ka òfin náà. Ṣé ẹ mọ ọdún tí wọ́n ṣe òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò títí dòní? 1959. Kí a tó gba òmìnira. Òfin tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìbọn Bàbá lọ́dún 1974 náà ló wà nílẹ̀ báyìí.

12/
Òfin náà pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn àgbétán àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kékeré náà wà níbẹ̀. Ìkejì ni èyí tí ọlọ́pàá àgbà pátápátá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ kéèyàn tó ní in. Ìkẹta ni ṣakabùlà, èyí tí wọ́n ń kì láti ẹnu. Òun náà ní ìwé àṣẹ tiẹ̀. Ìwé ti Bàbá wà nínú ọ̀rá dúdú títí dòní, ó ti fàya lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Ẹni tí wọ́n bá ká irú ti àkọ́kọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù. "Kékeré kan" tí àbúrò mi ń sọ, ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ló wà. Ó fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá ra oorun.

13/
Tí òfin ò bá yí padà, kí ló wá yí padà? Ìbọn ló yí padà, ọwọ́ tó gbé e náà yí padà. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó parí ní 1970, ìbọn ogun sì wọ ìgboro. Lọ́dún 1970 yẹn náà, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tó bá fìbọn jalè, ikú ni. Lọ́dún 1971 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní Bar Beach, níṣojú ọ̀pọ̀ èrò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n pa Oyenusi níbẹ̀. Àwọn èèyàn gbé ọmọ dání lọ wòran.

14/
Ẹ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Oyenusi ni Bàbá dé Èkó gẹ́gẹ́ bí ọdẹ. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìyẹn, 1986, orúkọ Anini ló ń dẹ́rù ba gbogbo Bìní, títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Àwọn géètì onírin tẹ́ ẹ ń rí lẹ́nu àdúgbò ní Ṣúrùlérè àti Mushin, tí wọ́n máa ń tì láago mọ́kànlá alẹ́, ta lẹ rò pé wọ́n ń tì í mọ́? Bí ìbọn bá ń mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá nígbà yẹn, kí ni géètì ń ṣe? Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń gba ọdẹ fún?

15/
Ìbéèrè yẹn ni mo bi Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni fídíò mi ti dúró tẹ́yin rí. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ yìn ín fún èèyàn rí?" Mò ń retí ìtàn adigunjalè. Mo ti ń ronú àkọlé tí màá fún un. Bàbá wo ọ̀nà rélùwéè. Wọ́n dákẹ́. Nínú fídíò, ẹ máa gbọ́ tí obìnrin kan ń polówó ẹja dídì, ẹ máa gbọ́ tí ọmọ kan ń sunkún. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní, "Lẹ́ẹ̀kan."

16/
Wọ́n ní ọdún tí wọ́n pa Anini ni, ìyẹn 1987. Ẹ̀rùn ti mú. Nẹ́pà ti mú iná lọ. Láńlọ́ọ̀dù ti kìlọ̀ fún wọn pé olè wọ àdúgbò kejì lánàá, kí wọ́n má sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, wọ́n rí ẹnìkan tó ń gba ẹ̀yìn ilé bọ̀, tó tẹ̀ ba, tó gbé nǹkan sí èjìká. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Kò dáhùn. Wọ́n fọn fèrè. Kò dúró. Wọ́n tún ní, "Ta nìyẹn?" Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù lọ Àpápá ló ń kọjá lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ rélùwéè mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá ń lọ, èèyàn ò ní gbọ́ ohùn ara ẹ̀.

17/
Bàbá ní àwọn dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ pa á. Wọ́n yìn ín. Wọ́n wá sọ fún mi, ohùn wọn ti wálẹ̀: "Omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kẹ́ẹ̀gì ló jábọ́ léjìká ẹ̀. Omi ń ṣàn bọ̀ wá síbi ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ní, 'Bàbá Ọdẹ, èmi ni. Bàbá Ọdẹ, èmi ni.'"

18/
Ọmọṣẹ́ télọ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rọ omi kì í yọ nígbà yẹn àfi ní òru, òun ló sì kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n ń rán. Ó gba ẹ̀yìn ilé torí pé ibẹ̀ yá jù. Bàbá ní, "Ó mọ̀ mí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló kí mi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n wá fọwọ́ nu ojú. Ọmọ ọ̀hún ò kú. Bàbá ló gbé e sẹ́yìn sáré dé títì, tí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọta wọ orúnkún ẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ò nà mọ́.

19/
Ẹ̀yin tèmi, mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ ọ́n. Òun ló rán aṣọ ilé ìwé mi. Òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gboyè jáde. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ la máa ń pè é, a máa ń rò pé àìsàn ọmọdé ló mú un lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan míì fún wa rí. Gbogbo ọdún Iléyá, Bàbá máa ń fi itan àgbò ránṣẹ́ sí i. Èmi ni wọ́n máa ń rán. Mi ò béèrè ìdí ẹ̀ rí.

20/
Ẹ máa béèrè pé kí ni òfin ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n parí ẹ̀ nílé. Láńlọ́ọ̀dù dá owó sí i, Bàbá ta ilẹ̀ kékeré kan ní Ṣakí, ọ̀gá télọ̀ ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Gbogbo àdúgbò ní Bàbá ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, òótọ́ sì ni, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò bi ọmọ yẹn ní ohun tó fẹ́. Òfin tó rọ̀ tí gbogbo wa ń ṣàárò ẹ̀, bó ṣe máa ń rọ̀ nìyẹn. Ó rọ̀ fún ẹni tó di ìbọn mú. Ẹni tó dojú kọ ẹnu ìbọn ló máa ń san ìyókù.

21/
Bàbá gbé ìbọn náà padà sí Ṣakí lọ́sẹ̀ yẹn. Wọn ò gbé e mọ́ l'Ékòó. Ohun tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ọdẹ fún ọdún mẹ́tàlá tó kù ni fèrè, tọ́ọ̀ṣì, àti ajá kan. Ẹ kíyè sí i, ọdún mẹ́tàlá! Àwọn olè tó ń sá tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ nínú fídíò yẹn, mo padà bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, fèrè ló lé wọn.

22/
Mi ò lè kọ gbogbo eléyìí láì gbàṣẹ. Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lórí máṣíìnì, wọ́n rán ìlà yẹn tán kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n ní, "Wọ́n wá sọ fún ẹ báyìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ síta tí wọ́n bá gbà. Wọ́n ní, "Sọ ọ́, ṣùgbọ́n má dárúkọ mi. Kí o sì sọ fún wọn pé bàbá ẹ ló gbé mi sẹ́yìn."

23/
Mo béèrè bóyá wọ́n ń bínú. Wọ́n ní, "Mo bínú fún bí ọdún mẹ́wàá. Ó rẹ̀ mí." Wọ́n já òwú. Wọ́n wá sọ nǹkan tó ń yí lórí mi látìgbà yẹn: "Tó bá jẹ́ irú èyí tó wà níta báyìí ni bàbá ẹ gbé lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló máa rán aṣọ fún ẹ? Ẹ̀ẹ̀kan ni tiwọn lè dún. Kí wọ́n tó kì í padà, mo ti pe orúkọ wọn."

24/
Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tó gba ẹ̀mí Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ là ni pé ìbọn náà ò yá, àti pé ó mọ orúkọ ẹni tó gbé e. Ohun méjì yẹn ni "ayé àtijọ́" ní tí tiwa ò ní. Kì í ṣe pé ìbọn pọ̀. Ìbọn pọ̀ lónìí náà, ẹ ò rí i ni? Tí pípọ̀ ìbọn bá ń mú oorun wá, kò yẹ kó sí àdúgbò tó máa sùn tó tiwa ní gbogbo Èkó.

25/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, "Àwọn ẹni ibi ti ní tiwọn, kí la ń dúró dè?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, mi ò ní ìdáhùn tó máa tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn. Mi ò sọ pé káwọn ọdẹ inú igbó gbé ìbọn wọn sọnù. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, inú mi dùn, torí ẹni tó mọ igbó ló ń ṣọ́ igbó. Àgbẹ̀ tó wà lóko kì í ṣe ẹgbẹ́ èmi tí mo wà nínú yàrá kan, tí ògiri emi àti aládùúgbò mi jẹ́ pákó. Ní Bàdíà, tẹ́ ẹ bá yìnbọn nínú ilé kan, ilé mẹ́ta ló máa gba ọta náà lálejò.

26/
Mo mú àbúrò mi lọ bá Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní kó lọ gba ṣòkòtò ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kó jókòó. Wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n fi orúnkún yẹn hàn án. Wọ́n ní, "Bàbá yín nìyí. Ọwọ́ ẹni tó dáa jù lọ ládùúgbò yìí nìyí, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìbọn láti kékeré. Ìwọ ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ?" Àbúrò mi ò fèsì. Ó ń wo orúnkún yẹn bí ẹni pé ó máa sọ̀rọ̀.

27/
Nígbà tí à ń bọ̀ lábẹ́ bíríìjì, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti gbọ́." Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó ṣì máa ń gba ọ̀nà yẹn bọ̀ lálẹ́. Ohun tí a jọ ṣe nìyí: ó ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé òun ò ní gbé ẹrù kọjá aago mẹ́jọ mọ́, owó ẹ̀ sì máa dín kù, mo sì ti ní màá dí èyí tó bá kù. Owó tó fẹ́ kí n yá òun náà ni màá fi dí i. Kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó.

28/
Òwe kan wà tí Bàbá fẹ́ràn: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, ro ìyà inú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Mo rò pé bí àárò ìgbà àtijọ́ ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn, àmọ́ ó dorí kodò. Ẹran nìkan la rántí, a gbàgbé ìṣẹ́ àti ìyà. A ti gé fídíò náà. Gbogbo wa la gé e, kì í ṣe èmi nìkan. Àwọn òbí wa gé tiwọn fún wa, kí a má bàa bẹ̀rù wọn. Èmi gé tèmi torí ìfẹ́ yín.

29/
Mo bi Bàbá bóyá kí n gbé gbogbo ẹ̀ síta. Mo rò pé wọ́n á kọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ní mò ń dùn ún gbọ́. Ṣé mo ní kí o gé e ni?" Ojú tì mí. Wọ́n wá ní, "Tí wọ́n bá máa ṣàárò mi, kí wọ́n ṣàárò mi tẹsẹ̀tẹsẹ̀."

30/
Nítorí náà, fídíò náà rèé nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Èyí tó kúrú yẹn, mo ti pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí náà ránṣẹ́ sí i. Ó gùn, mo mọ̀. Ibi tí Bàbá ti dákẹ́ tó ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹ má fò ó.